Ta ló wà lẹ́yìn ewé hibiscus yín? Bí ẹ ṣe lè dá kòkòrò rẹ̀ mọ̀ kí ẹ tó fọ́n oògùn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí kì í ṣe àìsàn kúrò nílẹ̀. Òdòdó hibiscus, èyí pupa tí a sábà máa ń gbìn yí ilé ká, kì í sábà pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ lórí igi rẹ̀. Àárọ̀ ló ń là; tó bá di alẹ́ tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì, á ká jọ, á sì já bọ́. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ rí i pé òdòdó ti kún ìdí igi, kòkòrò kọ́ ló ṣe é, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ewé ìsàlẹ̀ kan tàbí méjì tó pọ́n tó sì bọ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra oògùn. Ewé tó gbó ni.

Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọ̀mùnú tó yẹ kó nà tààrà ṣùgbọ́n tó ká kò, tó wé mọ́ra. Ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ohun dúdú tó bo ojú ewé. Nǹkan funfun tó so mọ́ oríkèé ẹ̀ka. Òdòdó tó ń já lójoojúmọ́ kó tó là, nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ń bomi rin ín dáadáa. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, kòkòrò ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ wa á gba ọjà lọ, a ó ní kí wọ́n fún wa ní oògùn kòkòrò, a ó fọ́n ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kòkòrò á kú lóòótọ́, inú wa á sì dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún dé, wọ́n á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ó wá ní oògùn yẹn ò dáa, ká ra èyí tó le jù ú. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò yẹ kó pa ló pa mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jẹ òdòdó yín, kí ẹ sì mọ àwọn tó ń bá yín ṣọ́ ọ, kí ẹ tó gbé ohunkóhun fọ́n.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Ìdílé kan náà ni hibiscus àti ilá wà, àti ìṣápá, àti òwú. Kòkòrò tó bá mọ ọ̀nà ọ̀kan, ó mọ ọ̀nà ìyókù. Ilé tí wọ́n bá gbin ilá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà hibiscus, bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, kí wọ́n yẹ èkejì wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ yí ewé náà padà

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má wo òkè ewé, torí ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé. Ẹ yí ewé padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan. Ẹ wo orí ọ̀mùnú níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Ẹ wo ìdí òdòdó tí kò tíì là, àti oríkèé tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Bí ojú kò bá fẹ́ ríran dáadáa mọ́, ẹ fi fóònù ya fọ́tò, kí ẹ sì fà á tóbi.

Bí ẹ bá rí kòkòrò wẹ́wẹ́, àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò tàbí dúdú, tí ara wọn rọ̀, tí wọ́n kóra jọ sórí ọ̀mùnú tí wọn kì í sì í tètè sá bí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n, aphid nìyẹn. Awọ funfun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ máa ń wà káàkiri láàárín wọn, àwọn kan sì máa ń rò pé kòkòrò mìíràn ni. Abo wọn kò nílò akọ kó tó bímọ, kì í sì í yé ẹyin nínú irú ooru tiwa yìí. Ọmọ tó ti ń rìn ló ń bí. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí òun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mùnú tó mọ́ ní ọjọ́ Àìkú fi lè kún bámúbámú kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá gbọn ẹ̀ka tí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ oníyẹ̀ẹ́ sì tú fò sókè, tí wọ́n tún padà bà sẹ́yìn ewé, whitefly ni. Oríṣi kan wà nínú wọn tó máa ń ya ìlà funfun róbóróbó sẹ́yìn ewé, bí ẹni fi ẹfun kọ nǹkan síbẹ̀: ẹyin rẹ̀ ló tò sórí ìlà yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni oríṣi yìí dé ilẹ̀ wa; agbègbè Caribbean àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Whitefly mìíràn, èyí tó kéré jù ú tí kì í ya ìlà, ni ó ń gbé àrùn tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di aláwọ̀ àdíkálà káàkiri oko.

Bí ewé bá ní àmì tó tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ káàkiri, tó ń ṣá, tí òwú aláǹtakùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ̀dá mìíràn nìyẹn, spider mite ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà rárá; ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti eruku ló ń mú un pọ̀, ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò kì í sì í ràn án. Omi tí ẹ bá ń tú sẹ́yìn ewé lemọ́lemọ́ ló ń lé e.

Mealybug: èyí tó yẹ ká jókòó tì

Nínú gbogbo wọn, mealybug ló máa ń ṣe hibiscus léṣe jù. Ẹ ó rí nǹkan funfun tó dà bí òwú tó rọ̀ mọ́ oríkèé ẹ̀ka, mọ́ ìdí òdòdó, tàbí nínú ọ̀mùnú tó ti wé mọ́ra. Bí ẹ bá fi igi tín-ín-rín tú òwú yẹn, ẹ ó rí kòkòrò olóbìírípo tó rọ̀, tí ìyẹ̀fun funfun bò lára, àti ẹyin wẹ́wẹ́ tó kóra jọ nínú àpò òwú náà. Ẹ tẹ ọ̀kan fọ́ sórí bébà funfun. Èyí tó wọ́pọ̀ lára ìbẹ́pẹ lọ́dọ̀ wa, tó sì fẹ́ràn hibiscus bákan náà, omi yẹ́lò ló máa ń jáde lára rẹ̀. Bí ẹ bá jù ú sínú sípíríìtì, á di dúdú tó ní àwọ̀ aró díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi orúkọ hibiscus gan-an pè, omi rẹ̀ máa ń pọ́n.

Abo kan nínú ti ìbẹ́pẹ lè yé ẹyin 100 sí 600. Abo kò ní ìyẹ́, kò lè fò. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni wọ́n ń rìn kiri: afẹ́fẹ́ ń gbé wọn, èèrà ń gbé wọn, aṣọ wa àti àdá tí a fi ń gé ọgbà náà sì ń gbé wọn. Bí wọ́n bá ti rí ibi tó rọ̀, wọ́n á ki ẹnu bọ ibẹ̀, wọ́n á máa fa omi ara igi, itọ́ wọn á sì máa ṣe bí májèlé nínú ọ̀mùnú. Itọ́ yẹn ló ń mú kí ewé ká kò, kí oríkèé súnmọ́ra, kí orí ẹ̀ka di ìṣù kan ṣoṣo. Ewé tó bá ti ká kò báyìí kò ní nà mọ́, bó ti wù kí oògùn dáa tó. Ẹ má retí pé kó nà. Gígé ló kù.

Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé mealybug ìbẹ́pẹ yìí. Ní Áfíríkà, Ghana ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 2009, kò sì pẹ́ tó fi dé Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Bí ẹ bá rántí ìgbà kan tí igi ìbẹ́pẹ ń funfun tó ń kú lágbègbè yín, òun ni.

Èèrà kì í jẹ ewé yìí, kí ló wá ń wá?

Àwọn kòkòrò tí mo sọ wọ̀nyí, aphid, whitefly àti mealybug, omi dídùn ni wọ́n ń yà. Omi ara igi tí wọ́n ń fà pọ̀ ní ṣúgà ju ohun tí wọ́n nílò lọ, ìyókù ló ń gba ìdí wọn jáde. Òun ló ń mú kí ewé lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òun náà ló ń kán sórí mọ́tò tí ẹ bá gbé sí abẹ́ igi. Lórí omi dídùn yẹn ni ohun dúdú máa ń hù sí, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ẹ lè fi aṣọ tútù nù ún kúrò. Kì í wọ inú ewé, ó kàn ń bo oòrùn mọ́ ọn lójú ni.

Omi dídùn yìí ni èèrà ń wá, kò sì fẹ́ kó tán. Nítorí náà, ó ń sìn wọ́n: ó ń gbé wọn láti ẹ̀ka kan dé èkejì, ó sì ń lé àwọn kòkòrò tó bá fẹ́ pa wọ́n jẹ. Bí ẹ bá rí èèrà tó tò lọ tó tò bọ̀ lára igi hibiscus, ẹ tẹ̀ lé ìlà wọn dé òpin. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ohun tí ẹ ń wá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré tí ojú kò tíì tètè rí i.

Ẹ gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri, wáyà tàbí igi mìíràn, kó lè jẹ́ ìdí igi nìkan ni ọ̀nà tí èèrà ní. Lẹ́yìn náà, ẹ wé nylon tàbí sẹ́lótéèpù mọ́ ìdí igi náà, kí ẹ fi gíríìsì tàbí Vaseline kùn ún lórí. Ẹ má fi gíríìsì kan èèpo igi fúnra rẹ̀. Bí èèrà kò bá lè gòkè mọ́, ẹ ó rí i pé àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń bá yín ṣọ́ òdòdó

Kòkòrò róbótó kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa tàbí yẹ́lò, tó ní àmì dúdú; gbogbo ọmọdé ló mọ̀ ọ́n. Aphid ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá: ó gùn, ó rí jákujàku, àwọn èèyàn sì máa ń pa á torí wọ́n rò pé òun ló ń jẹ ewé. Ọmọ àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀ tilẹ̀ funfun lára, tí ẹ ó fi rò pé mealybug ni. Ẹ wo ìrìn rẹ̀: mealybug kì í kúrò lójú kan, bó bá sì kúrò, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, èyí ń sáré kiri, ó sì tóbi jù wọ́n lọ.

Agbọ́n kíńkín tún wà, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí kì í ta èèyàn. Ara aphid tàbí mealybug ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Bí ẹ bá rí aphid tó wú, tó gbẹ, tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tí ihò róbótó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, agbọ́n yìí ló ti jáde níbẹ̀. Ẹ fi ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára igi.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ agbọ́n kíńkín yìí kéré: ní àwọn ọdún 1970, mealybug mìíràn, èyí tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn níbí, ló darí iṣẹ́ tó kápá rẹ̀. Wọ́n wá agbọ́n tó ń pa á dé Paraguay, ilé rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ lóko ní Nàìjíríà lọ́dún 1981, kó tó tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Hans Herren, tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, World Food Prize, ní 1995. Bákan náà ló rí ní erékùṣù Grenada, ní agbègbè Caribbean: lọ́dún 1994 ni wọ́n rí mealybug hibiscus níbẹ̀, ó ba òdòdó, igi eléso àti igi igbó jẹ́, agbọ́n kíńkín àti kòkòrò róbótó tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ló rọ̀ ọ́ lójú, nígbà tí oògùn fífọ́n kò kápá rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí DDVP ń ṣe, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sniper, tàbí ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń pò lọ́jà. Ó ń pa agbọ́n kíńkín, ó ń pa kòkòrò róbótó, ó ń pa oyin. Mealybug tó wà lábẹ́ ìyẹ̀fun, tó wà nínú ewé tó wé, oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹyin inú àpò òwú sì ń yè é. Nígbà tí ẹyin bá pa, kò sí ọ̀tá kankan mọ́. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n padà dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀. Májèlé tó sì lè pa èèyàn ni DDVP. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ mìlílítà 100. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọn sí ọgbà tí ọmọdé ti ń já òdòdó ṣeré.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígé. Orí ẹ̀ka tó ti ká kò, tó sì kún fún mealybug, ẹ gé e, kí ẹ kó o sínú nylon lójú ẹsẹ̀, ẹ dì í pinpin, kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ tó ń rìn á fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wá. Ẹ fi sípíríìtì nu àdá tàbí àlùmọ́gàjí tí ẹ lò.

Aphid kò le tó bẹ́ẹ̀. Omi tí ẹ fi rọ́bà tú lù wọ́n láti ìsàlẹ̀ sókè á já wọn bọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní lè gòkè padà. Ọjọ́ mélòó kan léra ni kí ẹ ṣe é.

Bí wọ́n bá ṣì wà, ọṣẹ ló kàn. Ọṣẹ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ òkèèrè ń tà fún iṣẹ́ yìí, pòtáṣíọ̀mù àti ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é. Eérú èèpo kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àdín ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, irú ọṣẹ kan náà sì ni. Ẹ mú èyí tí wọn kò po òórùn dídùn tàbí ewé mọ́. Gíráàmù 10 sí lítà omi kan tó. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike ìfọ́n. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé mélòó kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, torí pé ọṣẹ dúdú mìíràn máa ń le. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun àti bleach, ẹ má sún mọ́ ọn. Wọ́n ń jó ewé.

Ara kòkòrò gan-an ni ọṣẹ gbọ́dọ̀ kàn, nígbà tó ṣì tutù. Bó bá ti gbẹ, agbára rẹ̀ tán, ìyẹn ni kì í fi í pa agbọ́n tó bá dé lọ́la. Ẹ̀yìn ewé ni kí ẹ fọ́n ọn sí, nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ tí oyin sì ti lọ ilé. Kì í pa ẹyin. Nítorí náà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, títí di ìgbà mẹ́ta, kí ẹ lè bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èèyàn tó fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan tó ní kò ṣiṣẹ́ kò dúró de ẹyin.

Dóńgóyárò náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ń mú kí wọ́n má lè jẹun dáadáa, kí àwọn ọmọ má sì lè bọ́ awọ dàgbà. Inú kóró èso rẹ̀ lágbára ju ewé lọ. Ẹ gún 500 gíráàmù rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà omi 10 di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Oòrùn ń tètè ba agbára rẹ̀ jẹ́, ìrọ̀lẹ́ la ń fọ́n òun náà, a kì í sì í tọ́jú èyí tó kù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn oògùn tí igi ń fà sínú ara rẹ̀, bí imidacloprid, máa ń dé inú omi òdòdó tí oyin ń mu. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láti lò ó lára òdòdó, pàápàá níbi tí ilá tí ẹ fẹ́ sè wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ náà kan èyí. Bí ẹ bá ń da ìgbẹ́ adìẹ tàbí yúríà sídìí hibiscus lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀mùnú á máa yọ wìrìwìrì, á rọ̀, omi á kún inú rẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni aphid ń wá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ.

Àwọn tó ń fi eyín jẹ ewé

Ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ewé, kòkòrò kékeré tó ń ta pọ́ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án: òun náà ló ń jẹ ewé ilá. Igi hibiscus tó ti dàgbà máa ń fara dà á. Tata ni kí ẹ ṣọ́. Nígbà tí òjò bá ń lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú máa ń kóra jọ sójú kan, wọ́n sì fẹ́ràn ewé Akíntọ́lá. Ẹ ṣán ewé yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ tata láàárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò káàkiri.

Igi tuntun

Ọ̀pọ̀ mealybug tó dé ilé wa, àwa la fi owó wa rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nínú ike òdòdó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ewé wò lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì wo oríkèé ẹ̀ka. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, jìnnà sí ọgbà àti sí ilá, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Igi tí ẹ gé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ láti fi gbìn náà kò yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí mealybug ẹyọ kan péré, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú sípíríìtì nù ún kúrò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ méjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.